Owó ń wọlé lásìkò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú mi

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan nítòsí Kábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó oṣù kì í pẹ́, n kò lè parọ́ mọ́ wọn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í gbọ́ tiwa. Bí irin tó ń lẹ ọ̀rá pọ̀ kò bá gbóná tó, ìdí ọ̀rá kò ní dì dáadáa, omi á máa jò. Mo rí i, mo sọ fún súpáfáísọ̀. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Nígbà tí ọ̀rá tó jò di òkìtì, wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù àwa tó wà nídìí ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, ara mi kì í yá sí iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó mi ní kí n fara dà á, pé iṣẹ́ ò sí níta. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjùmú: Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ o.

Ọmọ Yàgbà: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Frederick Herzberg, ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí kọ ọ́ ní 1959 pé owó tó péye lè dín ìkùnsínú kù, àmọ́ ohun tó ń mú iṣẹ́ dùn mọ́ni ni kí wọ́n mọ rírì ẹni, kí wọ́n sì fọkàn tánni. Ohun tí wọ́n fi dù yín gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, owó tí wọ́n yọ yẹn ló ká mi lára jù. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kàn máa gé owó òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfi tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó pa iṣẹ́ tì, aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ìwọ tó o kìlọ̀ fún wọn, ibo lo ti pa iṣẹ́ tì?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí àwa tí wọ́n gé owó wa bá jọ lọ bá ọ̀gá, wọn ò ní ní à ń dìtẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ mú ọ̀rá tó jò dání, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ hàn án. Owó tirẹ̀ náà ló ń ṣòfò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ ìyẹn yé, kí ẹ wá béèrè owó yín.