Ìrànwọ́ tó jẹ́ àti ìrànwọ́ tí kò jẹ́

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí àkójọ ọ̀rọ̀ tí à ń ṣe nípa ìrànwọ́ lẹ́yìn ogun, mo ka àlàyé ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá pé "owó àánú" ni ká máa pe owó tí àwọn ìjọba òkèèrè fi ń tún orílẹ̀-èdè tí ogun abẹ́lé bà jẹ́ ṣe. Wọ́n ní ó kúrú, ó dùn ún gbọ́, kò sì sí ẹni tí kò ní yé. Wọ́n fi kún un pé "ìwúlò owó àánú" ni ká lò tí a bá fẹ́ sọ bóyá owó náà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ fiyè dénú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú àánú ṣáájú. Ẹni tó ń ṣàánú kì í jókòó ti àpò ẹni tó ṣàánú fún. Ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí ogun Làìbéríà parí, ìjọba fìdíhẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní GEMAP, ètò ìrànwọ́ fún ìṣàkóso ìjọba àti ìṣúná. Àwọn àjèjì tó mọ̀ nípa ìṣúná wọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó ìjọba ń gbà wọlé, owó kò sì lè jáde níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá buwọ́ lùwé pẹ̀lú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ṣé àánú nìyẹn? Àdéhùn ni, ó sì le bí ojú ẹja. Owó tó ń wọlé fún ìjọba pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ló sọ pé wọ́n fi ojú ọmọdé wo àwọn. Ọ̀dọ́ kan láàárín wa pe irú ìlànà yìí ní "àjọfọwọ́sí". Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ má jẹ́ kó sọ nù.

Ohun mìíràn tún ni pé àánú kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa sábà máa ń kọ̀. Ní oṣù Kìíní 1970, nígbà tí ogun Nàìjíríà parí, Gowon kọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọba àti àjọ tó kà sí alátìlẹ́yìn Biafra, bẹ́ẹ̀ ìyà ń jẹ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ìrànwọ́, tọwọ́ ẹni tó ń fúnni tọwọ́ ẹni tó ń gbà.

"Owó àánú" tún ń bo ẹ̀yáwó mọ́lẹ̀. Nínú ohun tí a kó pọ̀ tí à ń pè ní ìrànwọ́, ẹ̀bùn wà níbẹ̀, ẹ̀yáwó elélèé kékeré wà níbẹ̀, ìdáríjì gbèsè náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2010, wọ́n kéde ìdáríjì gbèsè tó tó bílíọ̀nù 4.6 dọ́là fún Làìbéríà. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbé owó tuntun wọ Monrovia. Gbèsè àtijọ́ ni wọ́n pa rẹ́, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èlé tó gorí èlé nígbà ogun. Ní Mòsáńbíìkì ńkọ́? Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní 1992, àwọn òkèèrè ń da owó sínú àpò ìṣúná ìjọba tààrà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan lọ yá nǹkan bí bílíọ̀nù 2 dọ́là ní báńkì, ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, ilé aṣòfin ò fọwọ́ sí i, ìkọ̀kọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà títí di 2016. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn tó ń fún wọn lówó ọ̀fẹ́ ká ọwọ́ kò. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí tó bá jẹ́ orúkọ kan náà ni owó méjèèjì ń jẹ́?

Mo mẹ́nu ba onígbọ̀wọ́. Àwọn kan fẹ́ ká máa fi pe ẹni tó ń fúnni lówó. Rárá o. Bí ẹni tí onígbọ̀wọ́ dúró fún bá sá lọ, onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò mú. Amẹ́ríkà ná nǹkan bí bílíọ̀nù 145 dọ́là sórí àtúnṣe Afgánísítáànì láti 2002. Àwọn ọmọ ogun kan tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, orí ìwé nìkan ni wọ́n wà. Ìjọba náà wó ní oṣù Kẹjọ 2021. Ta ni wọ́n mú? "Afowóṣèrànwọ́" ni kí wọ́n máa jẹ́, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe, kò yìn wọ́n, kò bú wọn.

Ó wá kan "ìwúlò", ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi. Ohun tó wúlò lè má jẹ́. Yorùbá kì í sọ pé oògùn "wúlò" nígbà tí ara bá yá. A ní ó jẹ́. Tí kò bá sì jẹ́, a ní ewé rẹ̀ ló kù kan. Ẹ wo afárá Mostar ní Bosnia, tí àgbá ogun wó ní oṣù Kọkànlá 1993. Báńkì Àgbáyé àti àwọn ìjọba bíi Tọ́kì àti Ítálì dáwó, wọ́n tún un kọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Keje 2004. Èèyàn ń gbà á kọjá lójoojúmọ́, ó wúlò. Ṣùgbọ́n láti 2008 títí di oṣù Kejìlá 2020, ìlú náà ò lè dìbò yan ìgbìmọ̀ tiwọn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀yà méjèèjì tó bára wọn jagun níbẹ̀, Croat àti Bosniak, ò gbà lórí òfin ìdìbò. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àtúnkọ́ ti parí, àtúntò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ má fi "àtúnkọ́" ṣe orúkọ fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ilé, ọ̀nà àti afárá ni à ń tún kọ́. Ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá àti ìdìbò, títò là ń tún wọn tò.

Èyí tó jẹ́ náà wà o, ká má purọ́. Owó òkèèrè ni wọ́n fi hú àwọn àdó olóró tí ogun rì mọ́ ilẹ̀ Mòsáńbíìkì, títí wọ́n fi kéde ní 2015 pé ilẹ̀ náà ti mọ́. Àdó olóró ṣeé kà: ẹ hú u, ó tán. Jagunjagun ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Làìbéríà ní kí jagunjagun wá gba 300 dọ́là, kó sì fi ìbọn sílẹ̀. Èèyàn tó lé ní 100,000 ló forúkọ sílẹ̀, ìbọn tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Ẹni tó ní ọta ìbọn díẹ̀ lọ́wọ́ náà lè di jagunjagun lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó kọ ìtumọ̀ "jagunjagun" sínú ètò náà ló pinnu iye tí owó yóò jẹ́, kì í ṣe ogun.

Ó ku "agbára ìfàmu", tí wọ́n dábàá fún ìwọ̀n owó tí ìjọba kan lè gbà kó sì ná dáadáa. Ṣé kànrìnkàn ni ìjọba? Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Paul Collier àti Anke Hoeffler, tọ́ka sí i ní 2004 pé owó òkèèrè sábà máa ń pọ̀ jù lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun, nígbà tí ìjọba ò tíì ní ọwọ́ tó máa fi ná an. Àárín ọdún kẹrin sí ìkeje ló máa ń jẹ́ jù, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn afowóṣèrànwọ́ sì ti ń palẹ̀ mọ́. "Agbára ìgbowólò" ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá ní kò dára, ẹ fi Sòmálílándì, tó ya kúrò lára Sòmálíà, dán an wò: ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ò kà wọ́n sí orílẹ̀-èdè, Báńkì Àgbáyé ò lè yá wọn lówó, síbẹ̀ àwọn àgbà ìdílé wọn péjọ sí ìlú Borama ní 1993, wọ́n sì fi owó tiwọn ṣe púpọ̀ nínú ìpàdé tó gbé ìjọba kalẹ̀. Kí la fẹ́ pe tiwọn? Mi ò rò pé "ìgbowólò" gba ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé "afowóṣèrànwọ́" gùn lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí kò sì ní àánú nínú, kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n wa tó fi àkójọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú.