Nọ́ọ̀sì kọ̀ láti dábẹ́ fún ọmọ mi nítorí ibi tí ihò ìtọ̀ rẹ̀ wà

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin ni. Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó dábẹ́ fún un wò ó tán, ó ní òun kò ní gé ohunkóhun, nítorí pé ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde kò sí ní ṣóńṣó okó, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ó kọ “hypospadias” sínú káàdì, ó ní kí a lọ rí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà ti dábẹ́ wá láti ọ̀run ni, kí olóòlà kàn wá parí rẹ̀ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Olóòlà tó mọṣẹ́ yóò gé ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, kò le rárá.

Agbẹ̀bí: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, n kò lè fara mọ́ ìyẹn. Lára irú ọmọ báyìí, awọ tó yẹ kó yí orí okó ká kì í pé nísàlẹ̀, òkè nìkan ló máa ń pọ̀ sí, òun ló fi ń dà bí ẹni pé wọ́n ti gé e. Awọ òkè yẹn gan-an ni oníṣẹ́ abẹ lè nílò láti fi ṣàtúnṣe ọ̀nà ìtọ̀ dé ṣóńṣó. Bí wọ́n bá ti gé e dànù, ó lè di pé kí wọ́n wá awọ níbòmíràn, àní láti inú ẹnu ọmọ nígbà mìíràn. Láàárín oṣù 6 sí oṣù 18 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, bí okó bá sì tẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó bóyá kóró ẹpọ̀n méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn yóò kún un. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kò ní í dí i lọ́wọ́ láti tọ̀ kí àkókò náà tó dé?

Agbẹ̀bí: Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tọ̀ dáadáa. Àmọ́ bí ìtọ̀ bá ń jáde tín-ín-rín, tí ọmọ sì ń fi agbára tiraka kó tó tọ̀, ẹ gbé e wá kíákíá, ẹ má dúró de oṣù 6.