Charleston la fẹ́ kó lọ: kí ni ẹni tó ń gbébẹ̀ ń gbádùn?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí Charleston ní South Carolina, ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde ni yóò bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, torí náà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ohun tí mo ń kà nípa ìlú náà, ti àwọn tó wá wo ilé àtijọ́ tí wọ́n sì padà ni. Èmi ń lọ gbébẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, téèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ló wà níbẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ìbejì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Màmá Mount Pleasant:
Ìyá àwọn ìbejì mi, o káre. Mo ti dàgbà sí ìlú yìí, afẹ́fẹ́ ni màá sì kọ́kọ́ sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní single house, ẹ̀gbẹ́ tóóró ló kọ sí títì. Yàrá kan péré ni ìbú rẹ̀, fàràǹdá gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí gúúsù tàbí ìwọ̀ oòrùn, kí atẹ́gùn òkun lè máa wọlé. Piazza ni wọ́n ń pe fàràǹdá yẹn. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń jókòó sí, bí o bá sì kí wọn, wọ́n á dá ọ lóhùn, wọ́n á béèrè àlàáfíà ìyá rẹ. Gbé ojú sókè wo àjà rẹ̀, wàá rí i pé búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n kùn ún. Àwọn àgbà Gullah, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, ló ní kí iwin má baà wọlé.

Kó àwọn ọmọ lọ sí Waterfront Park. Ìsun omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àwọn ọmọdé máa ń wọ inú rẹ̀ ṣeré, ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí o bá fẹ́ nara, gun afárá Ravenel tí wọ́n ṣí ní 2005. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀, láti òkè ibẹ̀ wàá rí gbogbo èbúté.

Ọmọ Ẹ̀gbá, North Charleston:
Òótọ́ ni Màmá sọ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yá ilé nínú ìlú àtijọ́ láìbéèrè ọ̀rọ̀ omi. Òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ojúmọ́ kan, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú lójoojúmọ́. Bí òṣùpá bá yọ rogodo tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, á kún ju ti tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá bá a pàdé, omi ò ní ríbi gbà, títì bíi Market Street á di odò. Ẹ má wakọ̀ gba inú rẹ̀, omi iyọ̀ ni, á jẹ irin ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìbánigbófò ilé lásán kì í san owó omíyalé, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ra tiẹ̀. Láti June títí di ìparí November, ìjì ni à ń ṣọ́. Àwọn tó wà níbí ní 1989 ṣì ń sọ̀rọ̀ ìjì Hugo.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, àbúrò mi. Ọkọ mi ní kí n bi yín ní nǹkan kan: ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn èèyàn wa lẹ́rú yìí, ṣé ó ṣe é gbádùn?

Màmá Mount Pleasant:
Ìbéèrè tó yẹ kó bi nìyẹn, kì í sì í ṣe ìbéèrè tí mo lè fi ẹnu kan dáhùn. Ní Gadsden's Wharf, níbi tí ọkọ̀ ẹrú ti ń já àwọn èèyàn sílẹ̀, mùsíọ́mù ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní 2023. Kọ́kọ́ mú ọkọ rẹ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá rìn wọ ìlú, kí ẹ máa wo géètì onírin. Philip Simmons, alágbẹ̀dẹ adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní 1912 tó sì kú ní 2009, ló rọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Àwọn èèyàn wa ló mọ̀ nípa ìrẹsì tó sọ ìlú yìí di olówó, ọmọ wọn ló sì ń rán agbọ̀n koríko sweetgrass lọ́jà títí dòní. Má dúnàádúrà lórí agbọ̀n yẹn jù o, èyí tó tóbi máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìlú wọn ni, àwọn ló kọ́ ọ. Bí n bá gbádùn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mò ń jẹ.

Bàbá Alásè, West Ashley:
Oúnjẹ ńkọ́? Red rice tí wọ́n ń sè pẹ̀lú tòmátò, bí ẹ bá tọ́ ọ wò, ẹ ó mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Ọbẹ̀ ilá ń bẹ, edé tútù ń bẹ, bisikíìtì yànmọ̀tí náà ń bẹ. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì bí wọ́n ṣe ń fi ọrùn adìẹ àti okùn mú akàn, wọn ò ní fẹ́ kúrò létí omi mọ́. Bí ẹ bá sì ní ọjọ́ kan sílẹ̀, ẹ gba US 17 lọ sí Sheldon, ẹ ó rí Ọ̀yọ́túnjí, abúlé aláṣà Yorùbá tí Ọba Adéfúnmi Kìíní tẹ̀ dó ní 1970.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ti jẹ́ kí ebi pa mí! A fẹ́ wá wo ìlú náà kí a tó kó ẹrù. Ìgbà wo ló dára?

Màmá Mount Pleasant:
Ẹ wá ní February. Oòrùn ò ní mú, ẹ̀fọn ò ní pọ̀, àsìkò oyster, ẹran omi oníkarawun, sì ni. Wọ́n á dà á sórí páànù irin lórí iná, wọ́n á fi àpò tútù bò ó, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó o sórí tábìlì, oníkálukú á mú ọ̀bẹ tirẹ̀. Ẹ má san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Yàrá wà nílé mi, kọ ìwé sí mi.