Mo fẹ́ fi wúlù hun ewéko orí ọ̀sà: báwo lẹ ṣe ń mú kí ewé dúró?

Oníkóróṣé_Oyíngbò kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé wúlù. Èbúté-Mẹ́tta ni mò ń gbé. Fìlà ọmọ tuntun àti ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mí mọ́, mo sì máa ń hun báàgì fún àwọn ọmọ yunifásítì tó bá sanwó ṣáájú. Àwọn tó máa ń sọ pé "Àǹtí, màá fi owó ránṣẹ́ tó bá dalẹ́" kò sí lára wọn.

Iṣẹ́ kan wọlé tí irú rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ìyàwó ilé kan ní Ìkòyí fẹ́ ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri yàrá ọmọ wọn, ọmọ náà ń bọ̀ wá pé ọdún kan. Wọn ò fẹ́ ehoro, wọn ò fẹ́ òṣùmàrè, wọn ò fẹ́ ABC. Ọ̀sà ni wọ́n fẹ́. Ọ̀sà Èkó, bí a ṣe ń rí i látorí afárá Third Mainland tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró níwájú Makoko: omi dúdú, èéfín, àti ewé tútù yọ̀yọ̀ tó ń léfòó kọjá pẹ̀lú òdòdó ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò lórí. Háyásìnnì (water hyacinth) yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi lọ wò ó. Mo ní kí ọmọkùnrin kan tó ń tukọ̀ bá mi fa ìdì kan jáde. Ó wò mí títí, ó fà á, ó sì gba igba náírà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé, mo jókòó tì í. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ohun tí gbogbo wa ń bú yìí rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ róbótó, ó ń dán, àárín rẹ̀ jìn díẹ̀. Igi ewé náà wú nísàlẹ̀, tí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, òun ló ń gbé e lé omi. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, irun wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀. Ti òdòdó ló wá gba ọkàn mi: ewé òdòdó mẹ́fà ni, márùn-ún jọra, ṣùgbọ́n ẹyọ tó wà lókè ní àmì yẹ́lò kan láàárín, àwọ̀ búlúù sì yí àmì náà ká. Ta ló kun ún? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo òdòdó náà ti rọ wọ̀ọ̀.

Ibi tí mo wà rèé. Tí mo bá hun ewé róbótó, nígbà mìíràn á tẹ́ bí mo ṣe fẹ́, nígbà mìíràn á ká sókè, èmi náà ò mọ ohun tó fà á. Fìlà ni mo mọ̀ ọ́n hun, ọwọ́ mi ti mọ́ fìlà. Mi ò sì mọ bí màá ṣe hun igi ewé tó wú yẹn. Tí mo bá sì hun gbogbo rẹ̀ tán, tí mo gbé e kọ́, ṣé ewé náà ò ní wó sílẹ̀? Irú wúlù wo ni kí n rà? Èló ni kí n pè é? Ẹ gbà mí o.

Tíṣà_Yábàá dáhùn:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama, ìyá mi ló kọ́ mi ní kóróṣé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ti sinmi.

Ìṣirò lọ̀rọ̀ ewé yín, kì í ṣe ọwọ́. Tí ẹ bá fi ojú síńgù (single crochet, ojú kúkúrú yẹn) mẹ́fà bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà náà lẹ máa fi kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kó tó lè tẹ́: 6, 12, 18, 24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ohun tí ẹ fi kún un kò bá tó mẹ́fà, etí rẹ̀ ò ní rí àyè tàn, á máa ká sókè. Bí fìlà ṣe ń di fìlà nìyẹn. Tó bá sì ju mẹ́fà lọ, ojú á pọ̀ ju àyè lọ, etí á máa ṣẹ́ wérewère bí etí gèlè tí wọn ò tíì fi píìnì há.

Nítorí náà, fún ewé háyásìnnì tí àárín rẹ̀ jìn díẹ̀, ẹ hun ún kó tẹ́ títí dé 24, kí ẹ wá hun ìyípo méjì láìfi nǹkankan kún un. Á jìn fúnra rẹ̀, kò ní di fìlà.

Igi ewé tó wú: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, ẹ lọ sí 12, ẹ lọ sí 18, ẹ hun ìyípo bíi mélòó kan ní 18 láìyí iye padà, kí ẹ wá máa pa ojú pọ̀ padà sí 12. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi òwú ìrọ̀rí kún inú rẹ̀. Ẹ dín in kù sí 6, kí ẹ wá máa hun mẹ́fà yẹn lọ sókè gbọọrọ títí á fi kan ewé. Píìnì kóróṣé tó kéré ju èyí tí ẹ máa ń lò lọ ni kí ẹ lò, bíi 3 mm, kí òwú inú má baà máa yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ etí tó ń ṣẹ́ yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Daina Taimina, ọmọ ilẹ̀ Latvia, onímọ̀ ìṣirò ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ló fi kóróṣé yanjú rẹ̀ lọ́dún 1997. Irú ojú ilẹ̀ kan wà nínú jẹ́ọ́mẹ́tìrì tí wọ́n ń pè ní hyperbolic, tí etí rẹ̀ máa ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i, bébà sì máa ń ya. Obìnrin yìí mú píìnì, ó ń fi ojú kún ojú ní ìwọ̀n kan náà láti ìlà dé ìlà, ó di ohun tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́. Nígbà tó di 2005, àwọn ìbejì kan, Margaret àti Christine Wertheim, ọmọ Australia tó ń gbé ní Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà kan náà hun iyùn inú òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìlú oríṣiríṣi ló ti bá wọn hun ún, wọ́n gbé e dé àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice Biennale ní 2019. Wọ́n tilẹ̀ fi ike àti láílọ́ọ̀nù hun apá kan. Ẹ wò ó, láílọ́ọ̀nù! Ti ọ̀sà wa ńkọ́?

Ìyá_Ìdúmàgbò dáhùn:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Tíṣà, o ṣeun, ṣùgbọ́n o ti fún mi ní orí fífọ́.

Oníkóróṣé, gbọ́ tèmi. Ọmọ ọdún kan, yàrá ọmọ, o wá fẹ́ fi ewéko tí kì í jẹ́ kí apẹja rí omi tu ọkọ̀ kọ́ sí i lókè orí? Mo ti tójú bọ́ kí nǹkan yẹn tó dé. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lápá Badagry, kò pẹ́ tó fi gba gbogbo omi. Iyọ̀ máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí òjò bá tún padà, òun náà á padà.

Ojúoró àti òṣíbàtà la bá lórí omi wa. Ṣé o ò gbọ́ ọ níbi ìkómọ rí ni? "Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò." Hun ìyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ, kí o rí bí ìyá ọkọ rẹ̀ á ṣe fò fáyọ̀ tó bá wọ yàrá náà.

Ojúoró kò ní igi ewé rárá, o ti bọ́ lọ́wọ́ òwú ìrọ̀rí nìyẹn. Ewé rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ ṣì díẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́. Ìlà-ìlà ló wà lára rẹ̀ láti ìdí dé etí. Bí o ṣe máa rí ìlà yẹn: má fi píìnì gba etí méjèèjì ojú kọ̀ọ̀kan, etí ẹ̀yìn nìkan ni kí o máa gbà, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Ìlà á yọ gedegbe. Ewé ńlá síta, kékeré sínú, kó gun ara wọn bí o ṣe ń rán an pọ̀. Etí rẹ̀ máa ń ṣẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni kí o ti lo ìṣirò Tíṣà.

Òṣíbàtà yàtọ̀. Ewé tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi, ó sì là láti etí dé àárín. Má so ìyípo pọ̀ tí o bá ń hun ún. Tó bá kù díẹ̀ kó pàdé, yí i padà, kí o hun ún lọ sẹ́yìn. Àlàfo tó bá kù ni ojú ibi tó là. Òdòdó rẹ̀, funfun tàbí búlúù, kí ṣónṣó rẹ̀ mú.

Sisí_Wúlù_Sùúrùlérè dáhùn:

Mi ò dá sí ìjà ewéko. Ọ̀rọ̀ ọjà ni tèmi.

Èyí tó pọ̀ ní Balógun tí gbogbo wa ń pè ní wúlù, akirílíìkì ni, kò sí irun àgùntàn kankan nínú rẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí, òun gan-an ni mo fọwọ́ sí. Ó fúyẹ́, kò ní wọ́ sílẹ̀ lára ògiri bí òwú kọ́tìn ṣe máa ń wọ́, ẹ sì lè fọ̀ ọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù fara kàn án, yíyọ́ ló máa yọ́. Gbogbo àwọ̀ ewé tí ẹ máa lò, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aláwọ̀ kan náà á ti yàtọ̀, ẹni tó ń tà á á sì máa búra fún yín pé òun kan náà ni.

Gbòǹgbò háyásìnnì, tí ẹ bá ṣì máa ṣe é: ẹ gé wúlù dúdú gígùn-gígùn, ẹ tú u, kí ẹ fi ìyarun ya á. Á di irun.

Ní ti kí ewé dúró, wọ́n á ní kí ẹ fi sítáàṣì sí i. Ní Èkó? Aáyán á pe ẹbí rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ fi wáyà sí etí rẹ̀. Yàrá ọmọ ni, wáyà sì máa ń dípẹtà ní Ìkòyí torí afẹ́fẹ́ omi. Okùn ìwọ̀ ẹja ni kí ẹ rà, èyí tó mọ́ gaara, tó nípọn díẹ̀. Ẹ gbé e lé etí ewé ní ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ hun síńgù lé e lórí. Tí ẹ bá fà á díẹ̀ á ká, tí ẹ bá tì í á tàn. Kò ní dípẹtà, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Kí ẹ jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú iná kó má baà gún ọmọ, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó.

Owó: ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ láti òní lọ. Òdòdó háyásìnnì kan ṣoṣo kọ́ ló máa ń wà lórí ìtì, ó lè tó mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ rò ó wò kí ẹ tó ṣèlérí. Kí àwọn ará Ìkòyí san ìdajì kí ẹ tó fọwọ́ kan píìnì.

Oníkóróṣé_Oyíngbò dáhùn:

Ẹ kú àdúrótì o. Ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Mo pe oníbàárà mi, mo ka gbólóhùn ojúoró yẹn sí wọn létí lórí fóònù, ni wọ́n bá dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Ojúoró ló máa gba àárín, òṣíbàtà mẹ́ta níhà òsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fẹ́ ìtì háyásìnnì kan lápá ọ̀tún, wọ́n ní òun ni ojú àwọn ń rí láràárọ̀ tí àwọn bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ẹni tó fi àmì yẹ́lò yẹn sórí ewé òdòdó kan, tó fi márùn-ún yòókù sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan yìn ín. Òdòdó mẹ́jọ péré ni màá ṣe, abẹ́rẹ́ ni màá fi rán búlúù àti yẹ́lò sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ á sì wà láyè ara rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ ojúoró.

Fún omi, mo ti ń kó láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà jọ, mo fọ̀ ọ́, mo gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ń fi píìnì ńlá hun ún mọ́ wúlù dúdú. Tí iná bá tàn sí i, ó ń dán bí mo ṣe fẹ́. Ìdajì owó ti wọlé.

Sisí, níbo ni mo ti máa rí okùn ìwọ̀ ẹja rà? Oyíngbò ni mo wà, wọ́n ń fi èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ hàn mí.

Ìyá_Ìdúmàgbò dáhùn:

Mo ti gbọ́. Ṣáà jẹ́ kí ojúoró tóbi jù ú lọ.

Sisí_Wúlù_Sùúrùlérè dáhùn:

Ẹ lọ sí Makoko níbi tí àwọn apẹja ti ń ra àwọ̀n àti ìwọ̀, ẹ ní èyí tí wọ́n fi ń mú ẹja ńlá. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú owó kéékèèké dání, wọn kì í ní ṣéńjì.