Ife Àgbáyé ń bọ̀, géèmù tuntun ń bọ̀: èwo ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Ọmọ Aláró Òkè-Fíà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni Ife Àgbáyé yóò bẹ̀rẹ̀ ní pápá Azteca, níbi tí Mẹ́síkò àti South Africa yóò ti wàákò, àwọn méjèèjì kan náà tó ṣí ìdíje ti ọdún 2010 ní Johannesburg. Ikọ̀ 48 ni yóò kópa ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104 ni wọn yóò sì gbá kí ẹnì kan tó gbé ife sókè ní New Jersey ní ọjọ́ 19 oṣù Keje. Cape Verde, Curaçao, Jordan àti Uzbekistan kò dé ibẹ̀ rí, wọ́n sì ń lọ báyìí. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń ri aṣọ sínú ìkòkò aró, àwọn ìsọ̀rí méjèèjìlá ni mo máa ń kà lẹ́nu.

Ohun tó ń dùn mí kò ṣàjèjì sí yín. Super Eagles kò ní sí níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ilé ìwòran kan nítòsí Ọláìyá ni mo wà nígbà tí DR Congo fi pẹnárítì lé wa sẹ́yìn ní Rabat. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi bọ́ aṣọ Nàìjíríà tó wọ̀, ó ká a dáadáa bí ẹni ń ká aṣọ ìṣẹ̀ṣe sínú àpótí, ó fi sí abíyá, ó sì jáde.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé Nàìjíríà débẹ̀ nínú géèmù. Mo ní ẹ̀rọ géèmù PS4 àlòkù kan, mo sì ti tọ́jú owó díẹ̀ láti inú iṣẹ́ àdìrẹ tí èmi àti ìyá mi ń ṣe. Ṣé kí n ra géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 26 báyìí kí n lè máa gbá a bí Ife Àgbáyé bá ń lọ lọ́wọ́, àbí kí n dúró de tuntun tí yóò jáde? Mo tún gbọ́ pé Netflix kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 pé géèmù FIFA kan ń bọ̀ sórí pèpéle wọn fún Ife Àgbáyé náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Pádì tí mo fi ń darí géèmù tún ní àìsàn: bí n kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, agbábọ́ọ̀lù mi á máa dá rìn lọ sí apá òsì.

Onílé-Géèmù Alékúwodò:

Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ilé géèmù ni mo fi ń jẹun láti ayé ìgbà tí PS2 ṣì ni gbogbo èèyàn ń lò, ohun tí ojú mi rí ni n ó sì sọ fún ọ.

Láti ọdún 1993 ni EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù yìí, ti ń fi orúkọ FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, pe géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀, FIFA 23 ni ó sì kẹ́yìn. Láti orí EA Sports FC 24 ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pín, nítorí náà, má ṣe retí pé wàá bá ife wúrà FIFA gan-an nínú FC 26. Ìgbà tí mo gbádùn irú rẹ̀ jù ni ọdún 2018, nígbà tí wọ́n fi Ife Àgbáyé ti Rọ́ṣíà kún FIFA 18 lọ́fẹ̀ẹ́, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn ikọ̀ 32 tó wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò sí ọmọ tó wọ ilé géèmù mi tó fẹ́ mú Brazil. Nàìjíríà ni wọ́n ń mú, Nàìjíríà ni ẹni tí wọ́n ń bá gbá náà ń mú, aṣọ funfun àti aṣọ àwọ̀ ewé ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ owó, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń gbé tuntun jáde. Ọjọ́ 29 ni FC 24 jáde lọ́dún 2023, ọjọ́ 27 ni FC 25 lọ́dún 2024, ọjọ́ 26 sì ni FC 26 lọ́dún 2025. Bí o bá ra FC 26 báyìí, oṣù díẹ̀ ni wàá fi jẹ́ ẹni tó ní géèmù tó lòde. Lójú tèmi, dúró. Nígbà tí o bá sì máa rà á, díìsìkì ni kí o rà, má ṣe gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: díìsìkì ṣeé tà fún ẹlòmíràn bí o bá gbá a tán, dátà tí wàá sì fi fa odidi géèmù náà sílẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, lo eFootball, géèmù bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ Konami sọ di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2021. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí PS4 rẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, èyí tó wúlò bí iná bá lọ. Òun ni FIFA fi ṣe ìdíje FIFAe World Cup ní Riyadh lọ́dún 2024, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọ pé géèmù ọmọdé ni. Ti Netflix yẹn, jẹ́ kó jáde ná, kí a fi ojú rí i.

Pádì rẹ kò kú. Abẹ́ ánálọ́ọ̀gù apá òsì, igi kékeré tí o fi ń darí agbábọ́ọ̀lù rẹ, ni àìsàn yẹn wà: abala dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí irin kékeré máa ń fi ara rà, bí ó bá ti gbó tàbí tí eruku bá wọ̀ ọ́, pádì á rò pé ìwọ lo ń tì í. Pa ẹ̀rọ náà, fi òwú kékeré rẹ sípíríìtì díẹ̀, fi nu ìdí ánálọ́ọ̀gù náà yíká, kí o sì máa yí i lọ yí i bọ̀. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó tàn án. Bí kò bá gbọ́, gbé e wá, n ó pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Àdùkẹ́ Ìgbọ̀nà:

Ẹ̀gbọ́n Onílé-Géèmù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kó dúró. Ọmọ Aláró ní òun fẹ́ rí Nàìjíríà kó gbé ife. Nàìjíríà gbé ife o! Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat kan náà tí wọ́n ti lé Super Eagles, Mòrókò ti fi góòlù méjì ṣáájú Super Falcons, ikọ̀ obìnrin wa, kí wọ́n tó lọ sinmi. Esther Okoronkwo gbá pẹnárítì wọlé, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di méjì-méjì, Jennifer Echegini sì gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè. Ìgbà kẹwàá tí wọ́n máa gba ife Áfíríkà nìyẹn. Mo ké títí ohùn mi fi há, ìyá àgbà tó ń ta àkàrà lójúde wa sì béèrè pé ta ló bímọ.

Nínú FIFA 16 ni àwọn obìnrin kọ́kọ́ ti hàn nínú géèmù yẹn, ikọ̀ orílẹ̀-èdè 12 péré, kò sì sí ẹyọ kan láti Áfíríkà. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n láti FC 24 ni obìnrin àti ọkùnrin ti lè wà nínú ikọ̀ kan náà nínú Ultimate Team, apá géèmù náà tí èèyàn ti ń kó ikọ̀ tirẹ̀ jọ, FC 25 sì fún wa láyè láti máa darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin láti sáà kan dé òmíràn. Nítorí ìyẹn ni èmi fi máa ra FC 26 báyìí, níwọ̀n ìgbà tí iye rẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí ọdún bá ti ń lọ. Ọmọ Aláró, bí o bá rà á, wá àwọn ọmọ wa nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbá fún ní Yúróòpù, kí o sì kó wọn jọ sí ojú kan. Nàìjíríà rẹ nìyẹn.

Bàbá Rẹfirí Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. N kò mọ pádì dì mú, ọ̀rọ̀ mi kò sì ní pọ̀.

Amẹ́ríkà yìí náà ni a lọ lọ́dún 1994, ìgbà àkọ́kọ́ tí a dé Ife Àgbáyé. Ní Dallas, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, Rashidi Yekini gbá góòlù wa àkọ́kọ́ wọlé sí àwọ̀n Bulgaria, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n náà, ó dì í mú, ó ń sunkún, ó ń ké pe Ọlọ́run. A nà wọ́n ní mẹ́ta sí òdo. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa, àwa tí a yí i ká kò níye. Títí di òní, bí mo bá rí àwọ̀n tó ń mì, Yekini ni mo máa ń rí.

Ọmọ Aláró, wo ìdíje náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ wa ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ alẹ́ náà sì ni àṣekágbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọn yóò gbá ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà á bọ́ sí òru wa, nítorí wákàtí mẹ́jọ ni a fi ṣáájú wọn. Owó tí o bá ní, yọ ti epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ná.

Ọmọ Aláró Òkè-Fíà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti fi òwú àti sípíríìtì nu pádì náà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Aró tó wà ní èékánná mi ló kọ́kọ́ ràn mọ́ òwú náà tí mo rò pé inú pádì ló ti wá. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo tàn án, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì kúrò lórí rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù mi dúró sójú kan. Inú mi dùn.

Mo ti fa eFootball sílẹ̀ sórí fóònù. Owó epo Bàbá ti wà lọ́tọ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára jù, n kò sì tíì mọ bí n ó ṣe dúró di oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹni tó fẹ́ ta díìsìkì FC 26 àlòkù ní Òṣogbo, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí. Bí mo bá rí i rà, Ijamilusi ni n ó kọ́kọ́ wá.