Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mú ooru dúró nínú ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin tí iná bá lọ?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tó wà ní SS2 ń ṣe ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin adìẹ, pákó ló fi kàn án, Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) àti DHT22 (ohun kékeré tó ń wọn ooru) ló ń bá a ṣọ́ ooru, gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn ló fi sí i torí LED ò lè mú un gbóná tó. 37.5°C ló yẹ kó wà fún ọjọ́ 21, àmọ́ tí iná bá ti lọ báyìí ooru á já wálẹ̀, kò sì sówó ìnfátà. Ṣé tá a bá to ike omi gbígbóná sínú ẹ̀ ká wá fi fóòmù yí i ká, á gbé e di àárọ̀? Àbí ká lo bátìrì ọ̀kadà? Ọmọ yìí ní làákàyè gan-an, mi ò fẹ́ kó sú u. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.