Òdòdó wo ló lè pẹ́ níbi tí oòrùn kì í dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ ọgbà. Igun kan wà lẹ́yìn ilé mi, láàárín ògiri àti igi ńlá kan. Oòrùn kì í dúró níbẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láàárọ̀, ibòòji ló kù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òdòdó tí mo máa gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí á máa tanná lọ́dọọdún, ni mò ń wá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè máa kọ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Róòsì ni mo kọ́kọ́ gbìn síbẹ̀. Àṣìṣe gbáà! Ó na ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ewé rẹ̀ pọ́n, kò tanná ẹyọ kan kó tó kú. Nígbà tí mo hú u, gbòǹgbò igi ti hun ara wọn bí ẹní lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín ni.

Mo ti ro òdòdó mẹ́ta mìíràn wò: Astilbe, Hosta àti Hellebore. Astilbe máa ń tanná nínú ibòòji, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn omi, igi yìí á sì fà á mu tán. Hosta ńkọ́? Ìgbín pọ̀ níbí, oúnjẹ wọn gan-an nìyẹn. Hellebore lọkàn mi fà sí jù, àmọ́ májèlé wà lára rẹ̀, ajá mi kì í sì í rí ewé kó má jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbin òdòdó sábẹ́ igi rí, èwo ló pẹ́ lọ́wọ́ yín? Àbí inú ìkòkò ni kí n kúkú gbìn ín sí?